Ta Ni Sikánà Ń Ṣiṣẹ́ Fún? Àgbéyẹ̀wò Ọ̀rọ̀ Iná Ẹ́ńjìnnì ní Adja-Ouèrè

Lójú ọ̀nà tó ti Àjàṣẹ́ gba Sakété dé Ikpinlè, tó sì ré kọjá sí Pọ́bẹ̀ àti Kétu, ẹnu kì í ya èrò ọkọ̀ mọ́ bí iná kékeré aláwọ̀ ọsàn kan, èyí tó ní àwòrán ẹ́ńjìnnì, bá ń tàn níwájú awakọ̀ láti àárọ̀ títí di alẹ́. Mọ́tò ń lọ, èrò ń sọ̀, èrò ń wọ̀, iná ń tàn. Awakọ̀ mìíràn a tilẹ̀ wá téèpù dúdú lẹ̀ mọ́ ọn kó má baà máa gún un lójú. Irinṣẹ́ kan sì ti dé tí wọ́n ní òun ni yóò tú àṣírí iná yìí: sikánà, tí àwọn mẹkáníìkì tó fi Faransé kọ́ṣẹ́ ń pè ní fàlíìsì, ìyẹn àpótí ìrìn-àjò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òmíràn nínú rẹ̀ kò ju páálí ìṣáná lọ. Wọ́n á tì í bọ ihò kan lábẹ́ sítíárì, nọ́ńbà á jáde lójú fóònù, ariyanjiyan á sì bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò níbí ni àǹfààní tí irinṣẹ́ yìí lè ṣe fún ẹni tó ń lo mọ́tò ní Adja-Ouèrè àti àwọn abúlé rẹ̀, àti ọwọ́ ẹni tó yẹ kó wà. Èrò tèmi ni pé ẹni tó fẹ́ sanwó ni sikánà ṣe lóore jù, pàápàá kí owó tó kúrò lápò rẹ̀. Ìgbà tí a bá sì sọ ọ́ di ohun tí a fi ń ka orúkọ páátì tí a máa rà, ìgbà yẹn ló ń jẹ ni lówó jù.

Ó yẹ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí iná náà ti ṣẹ̀, nítorí kì í ṣe àánú ẹ́ńjìnnì ló mú kí wọ́n dá a sílẹ̀. Èéfín ló fà á. Ní Los Angeles, láti nǹkan bí ọdún 1943 ni ìkùukùu kan ti ń ta àwọn ará ìlú lójú, tó ń mú wọn wúkọ́. Nígbà tó yá ni onímọ̀ kẹ́mísírì kan tó ń jẹ́ Arie Haagen-Smit fi hàn pé èéfín mọ́tò àti ti ilé iṣẹ́ epo ni oòrùn ń sọ di nǹkan burúkú yẹn. Ìjọba ìpínlẹ̀ California dá àjọ tó ń bójú tó afẹ́fẹ́ sílẹ̀ ní 1967, àjọ náà ló sì pàṣẹ pé láti orí ọkọ̀ ọdún 1988, kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ẹ̀rọ tó ń dín èéfín kù, kó sì tan iná bí ó bá rí àléébù. Lákòókò yẹn, ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ihò tirẹ̀ àti kóòdù tirẹ̀. Ọdún 1996 ni Amẹ́ríkà sọ gbogbo rẹ̀ di ọ̀kan lábẹ́ orúkọ OBD-II: ihò kan náà tó ní ojú 16, kóòdù kan náà, yálà Toyota ni tàbí Ford. Yúróòpù tẹ̀ lé e ní 2001 fún ọkọ̀ tó ń lo bẹntiróòlù, ó sì di 2004 kó tó kan gbogbo ọkọ̀ kékeré tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì.

Láti inú ìtàn yìí la ti lè mọ ohun tí iná náà ń ṣọ́ àti ohun tí kò kàn án. Kò sọ pé ẹ́ńjìnnì fẹ́ kú. Ohun tó ń sọ ni pé kọ̀ǹpútà fura pé èéfín ọkọ̀ yìí ti lè kọjá ìwọ̀n tí òfin fàyè gbà. Ọ́ìlì tó gbẹ ní iná pupa tirẹ̀, omi tó gbóná ní tirẹ̀, bátìrì tí kò gba iná mọ́ ní tirẹ̀. Awakọ̀ tó bá ń dúró de iná aláwọ̀ ọsàn kó tó wo ọ́ìlì yóò ba ẹ́ńjìnnì jẹ́ pẹ̀lú sikánà lọ́wọ́. Ẹnìkan lè wá sọ pé bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ èéfín ni, kí ló kan ará Massè tàbí ti Tatonnonkon pẹ̀lú òfin California? Ọ̀rọ̀ náà ní òótọ́ díẹ̀ nínú, n ó sì padà sórí rẹ̀ níbi ọ̀rọ̀ kátálísì. Ṣùgbọ́n ohun tó ń sọ èéfín di púpọ̀ sábà máa ń jẹ́ epo tí kò jóná tán, epo tí kò jóná tán sì jẹ́ owó tí awakọ̀ san tí sàlẹ́ńsà ń tú dànù. Pọ́lọ́ọ̀gì kan tí kò tanná mọ́ nínú mẹ́rin yóò bí California nínú, yóò sì bí ẹni tó ń ra epo ní Ikpinlè nínú pẹ̀lú.

Bí kọ̀ǹpútà ṣe ń pinnu láti tan iná náà yẹ kí gbogbo awakọ̀ mọ̀, nítorí ibẹ̀ ni ìtànjẹ púpọ̀ ti ń wá. Ọ̀pọ̀ àléébù ni kì í tan iná lójú ẹsẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́, kọ̀ǹpútà yóò kọ ọ́ sílẹ̀ bí ìfura. Bí ìrìn kejì bá tún fi nǹkan kan náà hàn, iná yóò tàn. Bí ìrìn mẹ́ta bá wá tẹ̀ léra tí àléébù náà kò fara hàn, iná yóò kú fúnra rẹ̀, kóòdù náà yóò sì wà nípamọ́ títí ẹ́ńjìnnì yóò fi gbóná tó ìgbà 40 láìtún rí i. Nítorí náà, awakọ̀ tó ní iná ti kú, Ọlọ́run ti tún un ṣe, lè ṣì ní ẹjọ́ tó ń dúró dè é nínú kọ̀ǹpútà. Ní ìgbà òjò, nígbà tí ilẹ̀ amọ̀ dúdú àwọn Ọ̀họ̀rí tó tẹ́ sílẹ̀ láàárín Pọ́bẹ̀ àti Adja-Ouèrè bá kún fún omi, ìrìn bẹ́ẹ̀ ló wọ́pọ̀: omi á ta sí ojú ìdè wáyà kan, ẹ́ńjìnnì á máa kọ́sẹ̀, iná á tàn. Kí ọkọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, oòrùn ti gbẹ ẹ́, kò sì sí ohun tí etí lè gbọ́ mọ́. Sikánà nìkan ló lè bá wa rí ohun tó ṣẹlẹ̀, nítorí pé kọ̀ǹpútà máa ń tọ́jú bí nǹkan ṣe rí lásìkò tó kọ kóòdù: bí ọkọ̀ ṣe ń sáré tó, bí omi ṣe gbóná tó, bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ṣe wàhálà tó. Ohun kan tún wà tí kò nílò sikánà rárá. Bí iná náà bá ń ṣẹ́jú dípò kó tàn dúró, epo tútù ń wọ inú sàlẹ́ńsà, ó sì ń jóná níbi tí kò yẹ kó ti jóná. Kí awakọ̀ yọ ẹsẹ̀ kúrò lórí epo, kó sì wá ibi dúró sí.

A dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti wúwo jù. Kóòdù dà bí ẹlẹ́rìí tó wá sọ ohun tó rí: kì í ṣe adájọ́, kò sì mọ ẹni tó jalè. Ẹ jẹ́ ká mú P0171, ọ̀kan nínú àwọn tó wọ́pọ̀ jù, ká yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Sẹ́ńsọ̀ kan wà nínú ọ̀pá èéfín tó ń wo bí afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tó ṣẹ́ kù ṣe pọ̀ tó. Bó bá pọ̀ jù, kọ̀ǹpútà gbà pé epo kò tó, ó sì ń fi epo kún un. Bí àfikún náà bá ń lọ sí nǹkan bí ìdá 25 nínú 100, tí kò sì tó síbẹ̀, kọ̀ǹpútà á kọ P0171. Mẹkáníìkì tó bá kánjú yóò wo ojú fóònù, yóò rí i pé ọ̀rọ̀ náà kan sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn, yóò sì ní kí ọlọ́kọ̀ lọ ra sẹ́ńsọ̀. Ẹni tó jíṣẹ́ ló ń lé kúrò nílé yẹn. Sẹ́ńsọ̀ ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tó yẹ ká wá ni ìdí tí ọ́síjìn fi pọ̀. Ó lè jẹ́ rọ́bà kan tó ya lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń wọn afẹ́fẹ́. Ó lè jẹ́ pọ́ńpù epo tó ti rẹ̀, tàbí àsẹ́ epo tó dí. Ó lè jẹ́ eruku ọyẹ́, èyí tí ojú ọ̀nà ilẹ̀ pupa wa ń tú sókè, tó gba ibi àsẹ́ afẹ́fẹ́ tó ti gbó wọlé lọ bo wáyà tín-ínrín tó ń wọn afẹ́fẹ́.

Láti yọ ọ̀kan kúrò nínú ìwọ̀nyí, a kò ní láti ra ohunkóhun. Ọ̀pọ̀ sikánà kékeré náà máa ń fi àfikún epo yẹn hàn bí ó ṣe ń lọ lọ́wọ́. Ká jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná, ká fi í sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́ lójú kan, ká wo nọ́ńbà náà. Lẹ́yìn náà ká tẹ epo títí ẹ́ńjìnnì yóò fi máa yí ní ìgbà 2,500 láàárín ìṣẹ́jú kan, ká tún wò ó. Bó bá jẹ́ 20 lójú kan tó wá já wálẹ̀ sí 4 tàbí 5 nígbà tí a tẹ epo, rọ́bà ló ya: afẹ́fẹ́ tó ń yọ́ wọlé níbẹ̀ pọ̀ lójú ẹ́ńjìnnì tó ń mí díẹ̀, ṣùgbọ́n kò jẹ́ nǹkan kan lójú èyí tó ń mí kíkankíkan. Bó bá sì jẹ́ pé lójú kan ni nọ́ńbà náà kéré, tó ń ga sí i bí ọkọ̀ ṣe ń gun òkè pẹ̀lú ẹrù àgbàdo lẹ́yìn, pọ́ńpù tàbí àsẹ́ epo tàbí ẹ̀rọ tó ń wọn afẹ́fẹ́ ni ká yẹ̀ wò. Sikánà kan náà ni, ọkọ̀ kan náà, kóòdù kan náà. Ẹni tó ka kóòdù nìkan ra sẹ́ńsọ̀. Ẹni tó wo nọ́ńbà ra rọ́bà, ó sì tún fi owó tó kù ra epo.

Ọ̀rọ̀ epo yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń tako sikánà níhìn-ín. Wọ́n ní kpayo, bẹntiróòlù tí wọ́n ń fà wọlé láti Nàìjíríà, ni à ń lò, ẹnikẹ́ni kì í yẹ kpayo wò kó tó wọ inú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà, nítorí náà iná yóò máa tàn ṣáá ni, kí sikánà tó dé àti lẹ́yìn tó bá dé. Wọn kò purọ́ nípa epo náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, bẹntiróòlù tí àpòpọ̀ mẹ́tánọ́ọ̀lù inú rẹ̀ ti kọjá ààlà wọ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, ó sì ba ọ̀pọ̀ ọkọ̀ jẹ́ kí wọ́n tó kó o kúrò lọ́jà. Ìlàjì ìwọ̀n mẹ́tánọ́ọ̀lù ló jẹ́ ọ́síjìn. Kílò bẹntiróòlù kan nílò afẹ́fẹ́ tó tó kílò 14.7 kó tó jóná dáadáa, nígbà tí ti mẹ́tánọ́ọ̀lù kò ju 6.5 lọ. Ìyẹn ni pé kọ̀ǹpútà yóò kígbe pé epo kò tó, láìsí páátì kankan tó bàjẹ́. Láti ìgbà tí Nàìjíríà sì ti yọ owó ìrànwọ́ epo kúrò ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí owó kpayo fò sókè, ìdí láti bu omi pọ̀ mọ́ ọn, ká sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kò dín kù. Ṣùgbọ́n ibi tí àtakò yìí fẹ́ já sí ni n kò bá a dé. Àléébù tó ti ọ̀dọ̀ epo wá a máa tẹ̀ lé epo: ó ń dé pẹ̀lú táǹkì kan, ó sì ń lọ pẹ̀lú òmíràn. Rọ́bà tó ya kì í lọ. Ẹni tó bá ra epo ilé epo kún táǹkì lẹ́ẹ̀mejì léraléra, tó sì ń kọ nọ́ńbà àfikún náà sílẹ̀, yóò mọ̀ bóyá epo ló ń bá jà tàbí ẹ́ńjìnnì. Láìsí sikánà, kò sí bí yóò ṣe yà wọ́n sọ́tọ̀, yóò sì máa ra páátì nítorí ẹ̀ṣẹ̀ epo, tàbí kó máa bú epo nítorí ẹ̀ṣẹ̀ páátì.

P0420, tó ń sọ pé kátálísì kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, ni kóòdù kejì tó yẹ ká dúró tì, nítorí òun ló sọ kátálísì di ọ̀rọ̀ ìlú. Kátálísì ni àpò irin tó wà lára sàlẹ́ńsà, tí wọ́n fi pílátínọ̀mù, paládíọ̀mù àti ródíọ̀mù bo inú rẹ̀ láti sọ èéfín olóró di èyí tó sàn díẹ̀. Àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé tó ń rí sí àyíká kéde ní oṣù kẹwàá ọdún 2020 pé láàárín 2015 sí 2018, ọkọ̀ kékeré àlòkù mílíọ̀nù 14 ni Yúróòpù, Japan àti Amẹ́ríkà kó ránṣẹ́ sí òkè òkun, Áfíríkà sì gba nǹkan bí ìdá 40 nínú 100. Àwọn aláyẹ̀wò ìjọba Netherlands tó yẹ àwọn ọkọ̀ tó ń bọ̀ sọ́dọ̀ wa wò rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ìwé àyẹ̀wò wọn ti kú kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ ojú omi, wọ́n sì rí àwọn tí wọ́n ti yọ kátálísì wọn. Irin inú rẹ̀ níye lórí gan-an. Nítorí náà, bí ọkọ̀ àlòkù bá fi P0420 hàn ní Adja-Ouèrè, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́ pọ́nńbélé ni: ohun tí kọ̀ǹpútà ń wá kò sí níbẹ̀ mọ́. Àwọn mẹkáníìkì kan wá mọ ọgbọ́n kan: wọ́n á fi ọ̀pá irin kékeré kan ti sẹ́ńsọ̀ tó ń ṣọ́ kátálísì láti ẹ̀yìn jìnnà sí èéfín kó má baà rí òótọ́, iná á sì kú.

Níhìn-ín ni mo padà sí ọ̀rọ̀ ẹni tó ní òfin California kò kan òun. Bí awakọ̀ bá sọ pé kátálísì tuntun wọ́n ju ohun tí òun lè san, tí ọkọ̀ sì ń lọ láìsí i, n kò rí ẹ̀bi rẹ̀ nínú ìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àyà àwọn ọmọ tó ń ta nǹkan lẹ́bàá ọ̀nà ń san díẹ̀ nínú owó náà fún un. Àṣìṣe tó wà níbẹ̀ jẹ́ òmíràn. Iná ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo ló wà. Bí P0420 bá ti tàn án, kóòdù kejì, ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin lè wọlé, iná kò ní tàn ju bó ṣe ń tàn lọ, àfi bó bá jẹ́ irú èyí tó ń mú un ṣẹ́jú. Awakọ̀ tó ti gbà láti máa gbé pẹ̀lú iná gan-an ló nílò sikánà ju ẹnikẹ́ni lọ: kó máa tì í bọ ihò lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kó wò ó bóyá àlejò tuntun ti bá ti àtijọ́ jókòó. Téèpù dúdú kò ní sọ èyí fún un.

Ibi tí mo ti rò pé sikánà níye lórí jù lọ kì í tilẹ̀ ṣe ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Ọjà tòkunbọ̀ ni. Láti ọdún pípẹ́ ni Kútọnu ti jẹ́ ọ̀kan nínú ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ àlòkù tó tóbi jù ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ń lọ sí Nàìjíríà, títí Nàìjíríà fi sọ pé láti oṣù kìíní ọdún 2017 ọkọ̀ kankan kò gbọ́dọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé mọ́. Ẹni tó ń ra ọkọ̀ níbẹ̀ láti fi kó èrò tàbí tòmátì ń fi owó ọdún mélòó kan lélẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tí kò mọ̀ rí. Ẹni tó ń tà á sì ní sikánà lọ́wọ́: ó lè pa gbogbo kóòdù rẹ́ láàárọ̀, kí iná má sì tàn nígbà tí oníbàárà bá dé lọ́sàn-án. Èyí ni oníbàárà kò mọ̀, pé pípa kóòdù rẹ́ náà ń fi ipa sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló ní nọ́ńbà kan tó ń sọ iye kìlómítà tí ọkọ̀ ti rìn láti ìgbà tí wọ́n ti pa kóòdù rẹ́ gbẹ̀yìn. Bí nọ́ńbà náà bá jẹ́ 3, tí ẹni tó ń tà á sì ń búra pé kò sí ẹni tó fọwọ́ kan ọkọ̀ náà láti ìgbà tó ti sọ̀ kalẹ̀ ní èbúté, oníbàárà ti gbọ́ ohun tó wá gbọ́. Bí ọkọ̀ náà kò bá ní nọ́ńbà yẹn, ojú ìwé kan ṣì wà tó ń tò àwọn àyẹ̀wò tí kọ̀ǹpútà máa ń ṣe fún ara rẹ̀, tó sì ń sọ èyí tó ti parí àti èyí tí kò tíì parí. Ọkọ̀ tí wọ́n pa kóòdù rẹ̀ rẹ́ ní òwúrọ̀ yóò fi ọ̀pọ̀ nínú wọn hàn láìparí. Nínú àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà láti nǹkan bí 2010 síhìn-ín, kóòdù kan tún wà tí sikánà kò lè pa rẹ́ rárá, àfi kí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ rí i pé àléébù ti lọ.

Ẹ̀tàn mìíràn rọrùn ju èyí lọ, ó sì gbọ́n jù ú: kí wọ́n yọ gílóòbù iná náà kúrò. Àyẹ̀wò rẹ̀ ò náni ní kọ́bọ̀. Kí oníbàárà yí kọ́kọ́rọ́ láìtíì tan ẹ́ńjìnnì. Iná ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tàn nígbà yẹn, kó sì kú nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́. Bí kò bá tàn rárá, ẹnìkan ti ṣe nǹkan sí i, sikánà yóò sì sọ bóyá kọ̀ǹpútà ń pàṣẹ kó tàn. Àwọn kan á ní ẹni tó mọ ọ̀nà ẹ̀tàn yóò mọ èyí náà, yóò wa ọkọ̀ káàkiri títí àyẹ̀wò kọ̀ǹpútà yóò fi parí kó tó pe oníbàárà. Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò kan nílò kí ọkọ̀ tutù láti alẹ́ mọ́jú, òmíràn nílò kí epo má kún táǹkì kó má sì gbẹ, òmíràn nílò kó sáré dọ́gba fún ìgbà díẹ̀; bí gbogbo rẹ̀ bá sì parí tí kóòdù kò padà, ó ṣeé ṣe kí ọkọ̀ náà sàn ju bí a ṣe rò lọ. Ẹni tó bá ní kí oníbàárà má ti nǹkan kan bọ ihò ọkọ̀ òun, òun náà ti fúnni ní ìdáhùn.

Àtakò tí mo bọ̀wọ̀ fún jù ni ti àwọn àgbà mẹkáníìkì, àwọn tó kọ́ṣẹ́ lórí Peugeot 504, ọkọ̀ tí kò ní kọ̀ǹpútà, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kaduna ní 1975, tó sì gbé ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà lé ẹ̀yìn fún ọgbọ̀n ọdún. Wọ́n ní etí àti ọwọ́ ni wọ́n fi mọ àìsàn ẹ́ńjìnnì. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe fáàrí lásán: Jojo Verrips àti Birgit Meyer, tí wọ́n kọ̀wé ní 2001 nípa takisí kan ní Ghana, fi hàn bí awakọ̀ àti mẹkáníìkì ṣe ń fi ọgbọ́n orí sọ ọkọ̀ tí Yúróòpù ti jù nù di ohun tó tún ń pawó. Sikánà kò gbọ́ ìró bẹ́árìn tó ń lọ̀. Kò gbọ́ òórùn ọ́ìlì tó ń jóná, kò sì mọ̀ pé bọ́ọ̀tì kan ti tú. Ṣùgbọ́n etí náà kò lè gbọ́ àfikún epo ìdá 20 nínú 100, nítorí pé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni láti tọ́jú àìsàn yẹn kó má baà dún. Ẹ́ńjìnnì tí kọ̀ǹpútà ń darí ti kọ́ bí a ṣe ń fara mọ́ ìrora. Àgbà tó bá fi nọ́ńbà kún etí rẹ̀ yóò ju ọmọdé tó ní nọ́ńbà nìkan lọ fíìfíì, ìdí sì nìyí tí mo fi rò pé ọwọ́ àgbà ló yẹ kí sikánà ti kọ́kọ́ dé, dípò bó ṣe ń dé ọwọ́ ọmọ iṣẹ́ tó mọ fóònù lò.

Nípa irinṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, díẹ̀ ló yẹ ká sọ. Èyí tí ẹgbẹ̀rún fránkì mélòó kan lè rà máa ń pe ara rẹ̀ ní ELM327, orúkọ ẹ̀rọ kékeré kan tí ilé iṣẹ́ Elm Electronics ní Kánádà ṣe. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ rẹ̀ kò ní ààbò, àwọn aláfarawé sì dà á kọ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Páálí tó bá ní 1.5 lójú ń polówó ẹ̀dà tí Elm kò ṣe rí. Ó sábà máa ń ṣiṣẹ́ fún kíka kóòdù ẹ́ńjìnnì, kì í sì í lè ka iná bíréèkì tàbí ti báàgì afẹ́fẹ́. Kò tún wúlò fún tírélà tó ń kó sìmẹ́ńtì jáde ní ilé iṣẹ́ tó wà ní Massè: tírélà ń lo iná fólítì 24, èdè kọ̀ǹpútà rẹ̀ sì yàtọ̀, òmíràn nínú àwọn sikánà kékeré yìí sì lè jóná. Bẹ́ẹ̀ ni kò kan ọ̀pọ̀ jù lọ alùpùpù tí àwọn zẹ́míjàn ń gùn, èyí tó jẹ́ ọkọ̀ gidi fún àwọn abúlé Kpoulou àti Oko-Akarè. Ẹ má jẹ́ ká ṣe bí ẹni pé gbogbo ìlú ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Àwọn tó ní mọ́tò kékeré tàbí tó fẹ́ rà á ló kàn. Bátìrì tún wà. Bátìrì tó ti rẹ̀ lè tú kóòdù mẹ́jọ jáde lẹ́ẹ̀kan náà, tí ìkankan nínú wọn kì í ṣe òótọ́. Kí ẹni tó bá rí ọ̀pọ̀ kóòdù pọ̀ báyìí kọ́kọ́ wo fólítì: ó yẹ kó tó 12.6 nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá sinmi, kó sì wà láàárín 13.8 sí 14.5 nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́.

Ohun tó kù ni ọ̀rọ̀ owó, òun ni mo sì rò pé ó ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Mẹkáníìkì wa kì í gba owó fún wíwò. Owó iṣẹ́ àti èrè orí páátì ló ń jẹ. Ẹni tó fi wákàtí kan tú rọ́bà tó ya rí, tó sì fi téèpù àti kílíìpù dí i, yóò gba owó tí kò tó ti ẹni tó pàrọ̀ sẹ́ńsọ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí ètò náà bá wà bẹ́ẹ̀, sikánà tó bọ́ sọ́wọ́ mẹkáníìkì yóò máa di àwáwí fún títa páátì, kì í ṣe nítorí pé èèyàn burúkú ni, bí kò ṣe pé ibẹ̀ ni oúnjẹ rẹ̀ wà. Àwọn kan ń rò pé ẹ̀kọ́ ni yóò yanjú rẹ̀, pé kí àwọn ọmọ iṣẹ́ tó ń múra fún ìwé ẹ̀rí CQP kọ́ sikánà; n kò kọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ nìkan kò lè borí ètò owó tó ń tì í sẹ́yìn. Kí ọlọ́kọ̀ san owó àyẹ̀wò lọ́tọ̀, kódà bí kò bá ra nǹkan kan, kó sì bèèrè pé kí wọ́n fi nọ́ńbà tó mú wọn sọ pé páátì kan bàjẹ́ hàn án. Kí ẹnikẹ́ni má sì pa kóòdù rẹ́ kí ọlọ́kọ̀ tó fi fóònù ya àwòrán ojú sikánà pẹ̀lú gbogbo nọ́ńbà tó wà lábẹ́ rẹ̀, nítorí pé bí ọkọ̀ náà bá padà dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tí iná tún ń tàn, àwòrán yẹn ni yóò sọ bóyá àléébù àtijọ́ ni wọn kò tún ṣe tàbí tuntun ló dé, ìyẹn ni yóò sì pinnu ẹni tí yóò sanwó lẹ́ẹ̀kejì.